Protoc ò bàjẹ́ o, nọ́ńbà lo yí padà

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ìsánlú ni mo wà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń kọ app fún àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, láti Yàgbà títí dé Kàbà. Go ló wà lórí sáfà, Flutter ló wà lórí fóònù, ọ̀rẹ́ mi ń fi Python ṣe ìṣirò owó lálaalẹ́. Protoc, irinṣẹ́ tó ń sọ fáìlì .proto di kóòdù, ń ṣiṣẹ́ lórí lapútọ́ọ̀pù tèmi, tó bá ti dé orí tiẹ̀ error ni ṣáá, mo fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́. Èyí tó wá rú mi lójú jù ni pé mo tún fáìlì .proto wa tò kó lè wuyì, mo fi orúkọ abúlé kún un, mo compile ẹ̀, kò sí error kankan, àmọ́ látọjọ́ yẹn owó ló ń jáde níbi tó yẹ kí kílò wà, owó fúnra ẹ̀ wá di òdo. Fóònù márùn-ún ti gba app tuntun, bí ogún ṣì ń lo ti tẹ́lẹ̀. Ṣé protoc tí mo download ló bàjẹ́ ni, àbí kí n yọ ọ́ kúrò kí n gbé òmíràn sí i?"

Àbúrò mi, òkun o, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì. Má yọ nǹkan kan kúrò, protoc rẹ pé. Protoc tó bá bàjẹ́ ò ní máa fi owó sípò kílò, kò ní ṣiṣẹ́ rárá ni. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni wàhálà méjì tó o dì sínú àpò kan torí pé orúkọ protoc wà nínú méjèèjì. Ti ọ̀rẹ́ rẹ, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni, irinṣẹ́ tìẹ àti tiẹ̀ ò dọ́gba, ẹ jókòó ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ẹ ti parí ẹ̀. Ti kílò àti owó, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, ìwọ fúnra rẹ lo sì da àdéhùn náà láìmọ̀. Má bínú pé mo sọ ọ́ báyẹn, ojú èmi náà ti rí i rí, màá sọ ìtàn ẹ̀ tó bá yá.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi àdéhùn torí ibẹ̀ ni owó olówó wà. Protocol Buffers yìí, Google ti ń lò ó nínú ilé ara wọn láti nǹkan bí 2001, 2008 ni wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé. Fáìlì .proto ni ìwé àdéhùn, protoc sì ni ògbufọ̀ tó ń tú ìwé náà sí Go, sí Dart (èdè tí Flutter ń lò), sí Python, kí sáfà àti fóònù lè jọ gbọ́ ara wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nígbà tí fóònù bá ń fi nǹkan ránṣẹ́, orúkọ tó o kọ sínú .proto ò bá a lọ. "kilo" ò lọ, "owo" ò lọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì = yẹn nìkan ló ń lọ, pẹ̀lú àmì kékeré tó ń sọ irú ohun tó tẹ̀lé e.

Ìyá mi gba àjọ ní Kàbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Káàdì tó ń pín fún wọn ní nọ́ńbà lórí, ìwé ńlá tó wà nílé náà ní nọ́ńbà kan náà. Ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ lónìí lè di Ìyá Ìbejì lọ́dún tó ń bọ̀, kò kan ìwé, nọ́ńbà 14 ni nọ́ńbà 14. Wàyí o, ká ní ìyá mi jí lọ́jọ́ kan tó ní ìwé yìí ò wu òun wò mọ́, tó wá to orúkọ wọn ní a, b, d, tó fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà tuntun nínú ìwé ilé, tí káàdì ọwọ́ àwọn èèyàn sì wà bó ṣe wà, ṣé o lè fojú inú wo ariwo tó máa sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbowó? Ohun tó o ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn ogún fóònù yẹn ṣì ń mú káàdì àtijọ́ wá.

Jẹ́ ká wo báìtì ẹ̀ kó lè yé ẹ dénú. Fáìlì àtijọ́ tó o fi ránṣẹ́ ní string oruko = 1, int32 kilo = 2, int32 owo = 3; string ni ọ̀rọ̀, int32 ni nọ́ńbà. Ká sọ pé Bosede gbé kílò 64 wá, kílò kan jẹ́ 900 náírà lọ́jọ́ yẹn, owó ẹ̀ jẹ́ 57,600. Ohun tí fóònù máa fi ránṣẹ́ kò ju báìtì 14 lọ (hex ni mo fi kọ ọ́, ìkà oní-mẹ́rìndínlógún, 10 níbẹ̀ ni 16 tiwa): 0A 06 àti lẹ́tà mẹ́fà orúkọ ẹ̀, 10 40, lẹ́yìn náà 18 80 C2 03. Bí wọ́n ṣe ń rí báìtì tó ṣáájú ni pé wọ́n á sọ nọ́ńbà field (èyí tó wà lẹ́yìn àmì = yẹn) di ìlọ́po mẹ́jọ, wọ́n á wá fi irú ẹ̀ kún un, 0 tó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, 2 tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀. Field 1 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ á di 10, òun ni wọ́n ń kọ ní 0A. Field 2 tó jẹ́ nọ́ńbà á di 16, òun ni 10 tó o rí yẹn, 40 tó tẹ̀lé e ni 64. Field 3 á di 24, òun ni 18, mẹ́ta tó kù ni 57,600. Wá inú ẹ̀ títí, o ò ní rí ibi tí wọ́n kọ kilo sí.

Ìwọ wá dé, o fi string abule sí 2, o sún kilo lọ sí 3, o sún owo lọ sí 4. Fóònù àtijọ́ ní "field 2, nọ́ńbà, 64". Sáfà tuntun ní ọ̀rọ̀ lòun ń retí ní 2 o, kì í ṣe nọ́ńbà, ó wá fi 64 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ohun tí òun ò mọ̀, kò pariwo, kò kọ error. Fóònù ní "field 3, nọ́ńbà, 57600", sáfà ní ẹn-ẹ́n, kílò nìyẹn. Field 4 ò wá rárá, owó bá di òdo. Abúlé náà òfo. Ohun tó o rí nínú àkọsílẹ̀ rẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn, àbí? Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Kí ló dé tí protoc ò fi kìlọ̀ fún ẹ? Protoc ò ní ìrántí ni. Ìwé tó o gbé síwájú ẹ̀ lónìí ló ń kà, kò mọ̀ pé àná wà, kò mọ̀ pé fóònù kan wà ní Èjùkù tó ń lo ti àná. Tí gírámà ìwé bá ti pé, á tú u, á dákẹ́. Níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyẹn, a ó ní "ó compile" bí ẹni pé ẹ̀rí wà pé kò séwu.

Ìtàn tèmi rèé. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo wà l'Ékòó, a ní bool (òótọ́ tàbí irọ́) ti_san = 7 nínú message kan (àkójọ field nínú .proto), ìyẹn pé oníbàárà ti sanwó. Wọ́n yọ ọ́ kúrò torí a ti ń gba ìròyìn owó lọ́nà míì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ẹnì kan (kì í ṣe èmi, àmọ́ èmi ni mo ka iṣẹ́ ẹ̀ tí mo ní ó dáa) nílò bool fagi_le, ó rí i pé 7 ṣófo, ó fi síbẹ̀. Àwọn fóònù tí wọn ò tíì update ṣì ń rán 7 = òótọ́ wá fún gbogbo ẹni tó ti sanwó. Bó ṣe di pé ẹni tó bá sanwó ni à ń bá fagi lé ọjà ẹ̀ nìyẹn o, ẹni tí ò sanwó ni tiẹ̀ ń lọ geere. Tìẹ yìí dára díẹ̀ torí irú ẹ̀ yàtọ̀ ní field 2, ó hàn kíá. Tiwa, bool ni méjèèjì, ọjọ́ méjì gbáko la fi ń wá a. Látìgbà yẹn, tí mo bá yọ field kan, mo máa ń kọ reserved 7. Mo sì máa ń kọ reserved "ti_san". Sínú message yẹn. Ibi kan ṣoṣo tí protoc ti lè bá ẹ rántí nìyẹn: tí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ lo 7, á kọ̀, á sì sọ ìdí ẹ̀. Alájọ tó mọṣẹ́ kì í fún ẹlòmíì ní nọ́ńbà ẹni tó ti kúrò nínú àjọ.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà. O lè dá nọ́ńbà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, oruko 1, kilo 2, owo 3, kó o wá gbé abule lọ sẹ́yìn. O sì lè fi èyí tó wà báyìí sílẹ̀ bíi v2, ní package tiẹ̀, ní àdírẹ́sì tiẹ̀ lórí sáfà, kí v1 máa gba ti àwọn ogún. Ọ̀nà kejì yìí ló mọ́ jù nínú ìwé, mi ò ní parọ́, àmọ́ wò ó, fóònù márùn-ún tó wà lórí app tuntun àti ogún tó kù, àdírẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn ń kàn, sáfà ò mọ ẹni tó jẹ́ ti v1 yàtọ̀ sí ti v2, o ṣì máa fọwọ́ kan fóònù márùn-ún yẹn bó ti wù kó rí. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, ohun mìíràn ni mi ò bá sọ. Márùn-ún, gun ọ̀kadà lọ bá wọn, tàbí kó o pè wọ́n kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ ọjà.

Nítorí náà dá nọ́ńbà padà, ṣùgbọ́n má fún abule ní 4 o! Fóònù márùn-ún yẹn ti fi 4 rán owó rí, o ò fẹ́ kí 4 ní ìtumọ̀ méjì nínú ilé yìí láéláé. Kọ reserved 4. Kó o fún abule ní 5. Ṣé kò dùn ún wò bí 4 ò ṣe sí níbẹ̀? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ò lè tán, láti 1 dé 536,870,911 lo ní, àyàfi 19000 sí 19999 tí wọ́n gbà fún ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó o fi ìṣọ́ra lò ni 1 sí 15, torí báìtì kan làwọn yẹn ń gbà, 16 dé 2047 á gba méjì, nítorí náà fi àwọn kékeré sílẹ̀ fún ohun tó ń lọ lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ẹwà fáìlì ló ń wù ẹ́, o lè gbé ìlà abule sókè láàárín oruko àti kilo, kò sóhun tó burú, bí ìlà ṣe tò ò ní ìtumọ̀ kankan, o sì lè yí orúkọ padà bó bá ṣe wù ẹ́ tó bá jẹ́ pé báìtì nìkan lẹ̀ ń rán. Tẹ́ ẹ bá ń kọ JSON (ọ̀nà ìkọ̀wé tó máa ń gbé orúkọ field dání) látinú ẹ̀ níbì kan, orúkọ náà ti di àdéhùn nìyẹn, má fọwọ́ kàn án.

Kí fóònù márùn-ún yẹn tó padà wálé, wọn á ṣì máa rán nǹkan wá. Lẹ́yìn tó o bá ti dá nọ́ńbà padà lórí sáfà, tiwọn ló máa wá ṣòdì, orúkọ abúlé á wá ní 2 níbi tí à ń retí kílò, kílò wọn á wá bọ́ sípò owó. Má jẹ́ kí sáfà gba irú ẹ̀ wọlé. Nínú Go, message kọ̀ọ̀kan ní ProtoReflect().GetUnknown(), ibẹ̀ ni àwọn ohun tí kò mọ̀ máa ń kó sí. Tí gígùn ẹ̀ bá ju òdo lọ, kọ̀ ọ́, dá error padà fún fóònù, kó o sì kọ gbogbo báìtì ẹ̀ sí fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìgbà díẹ̀ ni kó o fi àyẹ̀wò yìí sí i o, torí tó bá di ọjọ́ iwájú tó o bá fi field tuntun kún ti fóònù ṣáájú ti sáfà, ohun tí ò mọ̀ á wá, kò sì ní jẹ́ àṣìṣe. Fóònù márùn-ún bá ti dé, yọ ọ́.

Ó wá ku àkọsílẹ̀ tó ti bàjẹ́ nínú Postgres, ibi tí sáfà ń kó àkọsílẹ̀ sí. Ibí yìí ni mi ò ti ní ìròyìn ayọ̀ púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ tọ́jú báìtì tó wọlé bó ṣe wá, inú mi á dùn, torí pẹ̀lú .proto àtijọ́ látinú git (ibi tẹ́ ẹ ń tọ́jú ìtàn kóòdù yín), protoc --decode=kaju.v1.Rira -I proto proto/kaju/v1/rira.proto < rira.bin á tú u bó ṣe yẹ, kílò àti owó á padà sípò. Tí o ò bá tiẹ̀ rí .proto rárá, protoc --decode_raw < rira.bin á fi nọ́ńbà field àti ohun tó wà níbẹ̀ hàn ẹ́. (Orúkọ tó bá ní àmì lórí á jáde bíi \341\273\215, má bẹ̀rù, lẹ́tà ọ nìyẹn.) Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kọ́lọ́ọ̀mù nìkan lẹ tọ́jú, kílò ti lọ, kò sí àṣẹ tó lè pè é padà. Owó ò sọnù, òun ló wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kílò. Wá gbogbo ìlà tí abúlé wọn ṣófo tí owó wọn jẹ́ òdo láti ọjọ́ tó o gbé sáfà tuntun sókè, fóònù àtijọ́ nìwọ̀nyẹn, gbé iye inú kílò lọ sí owó. Kílò fúnra ẹ̀, o lè fi owó ọjọ́ yẹn pín in, 57,600 sí 900 á fún ẹ ní 64, àmọ́ ẹni tó bá ti ra kajú rí mọ̀ pé iye Pọnyàn àti iye Kàbà kì í dọ́gba lọ́jọ́ kan náà, ìdúnàádúrà sì wà níbẹ̀, nítorí náà kọ ọ́ pé àfojúbù ni. Ìwé ẹ̀sáísì tí àwọn agent ń kọ sí nídìí òṣùwọ̀n ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ìyẹn lọ. Gba ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn kí òjò tó bọ̀ ọ́.

Ó yá, ti ọ̀rẹ́ rẹ. Àwòrán mẹ́ta, ìdí wọn sì sún mọ́ra. Ní kó tẹ protoc --version, ó dá mi lójú pé libprotoc 3.12.4 ló máa rí, torí Ubuntu 22.04 ló wà lórí lapútọ́ọ̀pù ẹ̀, apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gbé ètò wọlé, ló sì fi gbé e wọlé. Tìẹ tó o sọ pé 27.3 ni, látinú zip tí Google gbé sórí GitHub ni. Ìdí àwòrán àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó ń sọ̀rọ̀ --experimental_allow_proto3_optional: ìlà kan wà nínú fáìlì rẹ tó o kọ optional sí, ní 3.12 nǹkan tí wọ́n ṣì ń dán wò ni, láti 3.15 ló ti di ohun tí à ń lò láìtọrọ àyè. Ó lè fi ọ̀rọ̀ gígùn yẹn sínú àṣẹ kó lọ, á lọ lóòótọ́, àmọ́ ó ti fi àwòrán kejì sílẹ̀ fún ara ẹ̀ nìyẹn.

Àwòrán kejì, "Descriptors cannot be created directly", mo ti rí èyí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á máa yọ Python kúrò wọ́n á tún máa gbé e padà. Kóòdù _pb2.py tó ti ọwọ́ protoc 3.12 jáde ti gbó jù fún protobuf tí pip (irinṣẹ́ tó ń gbé ètò Python wọlé) gbé wọlé fún un. Error náà tiẹ̀ sọ fún un pé kó tún un ṣe pẹ̀lú protoc 3.19 sókè, àwa la kì í ka error dé ìsàlẹ̀. Òdìkejì ẹ̀ náà wà: kóòdù tuntun lórí protobuf àtijọ́ á ní òun ò lè import builder. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí protobuf orí pip má kéré sí protoc tó ṣe kóòdù náà láé. Ọ̀nà tí nọ́ńbà wọn fi bára mu ń da èèyàn rú, torí láti 2022 ni wọ́n ti gé iwájú nọ́ńbà protoc kúrò: protoc 27.3 ni 5.27.3 lórí pip, 21 jẹ́ 4.21. Wo èyí tó gbẹ̀yìn ṣáá. Wọ́n á sọ fún un níta pé kó kàn fi protobuf 3.20 sí i tàbí kó ṣètò PROTOCOL_BUFFERS_PYTHON_IMPLEMENTATION=python, á sì ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ ti kejì yẹn á jẹ́ kó máa falẹ̀, ti kìíní á sì bá nǹkan míì jà lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni "protoc-gen-go: program not found". Protoc fúnra ẹ̀ mọ Python, Java, C++ àti àwọn díẹ̀ míì, kò mọ Go, kò mọ Dart. Tó o bá kọ --go_out, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá ètò kan tó ń jẹ́ protoc-gen-go nínú PATH (àwọn fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá ètò), tó o bá kọ --dart_out á wá protoc-gen-dart. O ti fi tìẹ síbẹ̀ nígbà kan, o ti gbàgbé. Kó tẹ go install google.golang.org/protobuf/cmd/protoc-gen-go@latest, kó fi ~/go/bin kún PATH ẹ̀. Ti Dart ni dart pub global activate protoc_plugin, ~/.pub-cache/bin náà á wọ PATH. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti bá ẹlòmíì tún èyí ṣe, PATH ló máa ń jẹ́ o, kì í ṣe install.

Kó yọ ti apt kúrò, kó gba zip kan náà tó o gbà. Tó bá ṣí i, á rí bin àti include níbẹ̀. Kó gbé méjèèjì papọ̀. Èèyàn á gbé bin nìkan, á ju include nù, lọ́jọ́ tó bá fi timestamp.proto sínú fáìlì ẹ̀ á gbọ́ pé File not found, á tún ní protoc bàjẹ́. Tó bá jẹ́ Python nìkan ló fẹ́ ṣe, pip install grpcio-tools kó sì máa lo python -m grpc_tools.protoc, gbogbo ẹ̀ wà nínú ibẹ̀.

Mo tún rí i nínú àṣẹ tó o fi ránṣẹ́ pé inú fódà tó bá wù ẹ́ lo ti ń pe protoc. Jáwọ́ níbẹ̀. -I ni gbòǹgbò, ibẹ̀ ni import gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó o sì kọ sí -I gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tó o kọ fún fáìlì gẹ́lẹ́. Tó o bá kọ ọ̀kan láti /home, tó o kọ ìkejì láti ./, protoc á kọ̀, error ẹ̀ á sì sọ fún ẹ pé òun gọ̀ jù láti mọ̀ pé ibì kan náà ni. Mi ò fi kún un o, àwọn tó kọ ọ́ ló kọ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ràn wọn fún un. Ẹ dúró sí òkè fódà iṣẹ́ nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ kó gbogbo fáìlì sí proto/kaju/v1/, kẹ́ ẹ máa pe protoc -I proto --python_out=. proto/kaju/v1/rira.proto. Python ní wàhálà tiẹ̀, bí fáìlì ṣe jìnnà sí -I tó ni kóòdù ẹ̀ ṣe máa import, nítorí náà báyìí á di from kaju.v1 import rira_pb2, ẹ ò ní máa fọwọ́ ṣàtúnṣe ìlà import mọ́. Ẹ kọ àṣẹ yìí sínú gen.sh kan, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ látinú orí mọ́.

Ṣé kẹ́ ẹ fi kóòdù tí protoc ṣe sínú git? Àwọn kan ní àìmọ́ ni. Tèmi, níbi tá a wà yìí, mo ní kẹ́ ẹ fi í sí i. Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀gbẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì ń jó bọ̀rọ̀kìnní fún á kàn pull, á build, kò ní máa wá irinṣẹ́ mẹ́ta kiri. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé protoc yín méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo commit á máa kún fún ìyàtọ̀ tí kò ní ìtumọ̀.

Nǹkan kan wà tó máa jẹ́ ìrántí fún protoc tí ò ní, buf ni wọ́n ń pè é, fáìlì kan ṣoṣo ni, o ò nílò account láti lò ó lórí ẹ̀rọ rẹ. Àṣẹ buf breaking --against '.git#branch=main' á gbé .proto tó wà lọ́wọ́ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí main (ẹ̀ka àgbà git yín), ká ní o ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, á ti pariwo pé field 2 tó jẹ́ int32 kilo ti di string abule. Fi í ṣáájú nínú gen.sh, kó má jẹ́ kí compile ṣẹlẹ̀ tó bá ti kùnà. Buf generate náà lè rọ́pò àṣẹ gígùn, ẹ̀ẹ́ to plugin sínú buf.gen.yaml, àmọ́ ti Python ṣì máa wá protoc, inú ẹ̀ ni olùtú Python wà, nítorí náà ẹ má jù ú nù. Buf lint ńkọ́, á máa bá ẹ jà lórí bó o ṣe sọ nǹkan lórúkọ, gba èyí tó bá wúlò, pa ìyókù. Àti pé buf breaking ò mọ fóònù tó wà níta o, git ló mọ̀. Tó o bá ti gbé àṣìṣe wọ main, àṣìṣe yẹn lá máa bá ẹ dáàbò bo.

O lè ní ṣé ẹ ò bá ti kúkú lo JSON ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Rírà Bosede yẹn, báìtì 14 ní protobuf, 40 ní JSON, àmọ́ HTTP tó gbé e ju méjèèjì lọ fíìfíì, ẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá ń kó ọgọ́rùn-ún rírà jọ rán lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, bí ọ̀kan bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Ká ní ẹ̀yin méjì ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, JSON ni mo máa ní kẹ́ ẹ lò. Ní báyìí tí fóònù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti ń sọ èdè kan, ẹ má yí i.

Méjì kékeré tí mo rí nínú fáìlì rẹ. O kọ owo_kobo sí ibì kan ní int32. Int32 ò lè kọjá 2,147,483,647, tó bá jẹ́ kọ́bọ̀ nìyẹn ju náírà mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ díẹ̀ ni, trailer kajú tó kún lè kọjá ẹ̀. Sọ ọ́ di int64, ìyípadà yìí ò ba fóònù àtijọ́ jẹ́, irú kan náà ni wọ́n lórí wáyà. Má sọ ọ́ di float, má sì sọ ọ́ di sint32, àwọn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì ni orúkọ. Protoc ò gba àmì ohùn nínú orúkọ field, lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan, mo mọ̀ pé ìdí tó o fi kọ owo nìyẹn, ṣùgbọ́n owo lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ lọ́la lè má mọ̀. Ẹ̀yìn // lo lè kọ gbogbo àmì tó wù ẹ́ sí, kọ ọ́ síbẹ̀.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn, wọ orí sáfà lónìí, wá gbogbo log tàbí fáìlì .bin tó bá wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó o gbé tuntun sókè, gbé wọn sí fódà ọ̀tọ̀ kó o tó restart ohunkóhun. Tó o bá rí ẹyọ kan, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ tú u.